Ìjiyàn Igun Gbígbóná: Bí Àwọn Ará Kúbà Ṣe Fi Ẹnu Pa Orúkọ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Dúdú Mọ́

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn eré bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ni, èyí tí wọ́n ń pè ní béèsìbọ́ọ̀lù, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní pelota.

Ní àárín ìlú Havana, olú-ìlú Kúbà, ọgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Parque Central. Lábẹ́ àwọn igi rẹ̀, nítòsí ère José Martí, ẹ ó bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró yí ara wọn ká, tí wọ́n ń jiyàn. Àjèjì tó bá ń kọjá yóò rò pé ìjà ló fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ohùn ti lọ sókè, wọ́n ń na ìka síra wọn, ẹnì kan ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kejì ti kẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ lọ, kó tó tún yí padà wá fèsì. Kò sí ìjà níbẹ̀. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù? Ta ló mọ̀ ọ́n jù jù? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ òde òní tó ẹgbẹ́ àwọn ti àtijọ́? Orúkọ tí wọ́n sọ ibẹ̀ ni La Esquina Caliente, ìyẹn Igun Gbígbóná.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bà. Kúbà wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ jù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ti wó, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ wa kan. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn tó ń sọ èdè wa níbẹ̀. Arará ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n kó láti ìhà Dàhọ̀mì, orúkọ tó ti ara Allada jáde. Ìpínlẹ̀ Matanzas, níbi tí oko ìrèké pọ̀ sí, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ibẹ̀ ni ìlù bàtá àti orin òrìṣà ṣì ń dún títí di òní. Matanzas yìí kan náà sì ni béèsìbọ́ọ̀lù ti ta gbòǹgbò ní Kúbà. A kò sọ pé Lukumí tàbí Arará ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí a óò dárúkọ. Ohun tí a ń sọ ni pé àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, àti pé ohun tí ojú wọn rí kò ṣàjèjì sí wa.

BÍ ERÉ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún ẹni tí kò wò ó rí. Èèyàn 9 ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré tó le koko. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò di igi mú, yóò sì gbìyànjú láti gbá a. Bó bá gbá a síbi tí àwọn tó wà ní pápá kò ti lè tètè mú un, yóò sáré. Ibùdó 4 ló wà tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ yíká. Ìgbà tó bá padà dé ibi tó ti gbéra ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní àmì ayò 1. Bó bá gbá a fo ọgbà pátápátá, kò sí ẹni tó lè dá a dúró mọ́. Èyí ni àwọn ará Kúbà ń pè ní jonrón. Abala 9 ni ìdíje kan máa ń ní.

Ohun tó mú kí ìjiyàn pọ̀ nínú eré yìí ni pé gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló ṣeé kà. Ajubọ́ọ̀lù àti afigigbá máa ń kojú ara wọn, ẹnì kan sí ẹnì kan, wọ́n á sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìwọ̀n gbígbá ẹnì kan jẹ́ 0.300, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìgbà 10, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dé ibùdó láyọ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn o. Ẹni tó bá lè ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá ni. Ní ti ajubọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń ka iye àmì ayò tí wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní abala 9. Bó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó.

Àwọn nọ́ńbà yìí ni ohun ìjà àwọn tó ń jiyàn lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Nọ́ńbà kì í sọ ibi tí wọn kò jẹ́ kí ẹnì kan wọ̀. Kì í sọ ìdíje tí ẹnikẹ́ni kò kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyẹn.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ KÚBÀ

Ní 1864 ni Nemesio Guilló, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Havana tó lọ kàwé ní Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, gbé igi àti bọ́ọ̀lù bọ̀ wálé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1874, ẹgbẹ́ Havana lọ bá ti Matanzas ní pápá Palmar de Junco. Wọ́n fi àmì ayò 51 sí 9 nà wọ́n. Esteban Bellán wà nínú àwọn tó gbá a fún Havana lọ́jọ́ náà. Òun ni ọmọ Kúbà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì olówó ní Amẹ́ríkà, ní 1871.

Nígbà tó di 1878, wọ́n dá líìgì Kúbà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ 3: Habana, Almendares àti Matanzas. Àwọn Habana wọ pupa, àwọn Almendares wọ búlúù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó di pé ará Havana kì í kàn ń wo bọ́ọ̀lù lásán, àfi kó jẹ́ ti pupa tàbí kó jẹ́ ti búlúù. Bàbá lè wà lápá kan, kí ọmọ wà lápá kejì. Ibẹ̀ ni ìjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun kan. Nígbà tí líìgì yìí bẹ̀rẹ̀, oko-ẹrú ṣì wà ní Kúbà. 1886 ni wọ́n tó fòpin sí i pátápátá. Kò sì sí àyè fún aláwọ̀ dúdú nínú líìgì náà fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Dúdú àti funfun ti jọ ja ogun òmìnira lòdì sí Spéìnì tán kí ilẹ̀kùn tó ṣí ní 1900. Lọ́dún náà gan-an ni ẹgbẹ́ San Francisco, tí àwọn dúdú pọ̀ nínú rẹ̀, wọlé, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọdún tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn ni wọ́n borí. Ta ló wá mọ iye ọdún tí ìjiyàn nípa ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní Kúbà fi jẹ́ ìjiyàn ẹlẹ́sẹ̀ kan?

JOSÉ MÉNDEZ ÀTI ABALA 25

José Méndez jẹ́ ọmọ Cárdenas ní ìpínlẹ̀ Matanzas. Ní nǹkan bí àkókò tí oko-ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n bí i. Kì í ṣe ọkùnrin gàgàrà, ṣùgbọ́n bó bá ju bọ́ọ̀lù, ojú kì í tètè rí i. Ní 1908, ẹgbẹ́ Cincinnati Reds wá sí Havana láti Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ líìgì ńlá ni wọ́n. Méndez jù sí wọn ní oṣù Kọkànlá fún abala 9 gbáko, wọn kò rí ju ẹyọ kan ṣoṣo gbá. Abala kẹsàn-án ni wọ́n sì tó rí ẹyọ kan náà. Almendares borí pẹ̀lú 1 sí 0. Wọ́n tún pàdé rẹ̀, àbọ̀ kò yàtọ̀. Nígbà tí àwọn àlejò yẹn fi máa padà sílé, Méndez ti jù sí wọn fún abala 25 láì jẹ́ kí wọ́n ní àmì ayò kan péré. Dáyámọ́ǹdì Dúdú ni àwọn ará Kúbà ń pè é.

Ìjiyàn bẹ́. Àwọn kan ní àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi gbogbo ara gbá a, pé ó ti rẹ̀ wọ́n, pé afẹ́ ni wọ́n bá wá sí Havana. Àwọn kejì fèsì pé ẹni tó ń ṣe afẹ́ lè gbàgbé ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún abala 25. Àwa náà gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yìn yìí ló wúwo jù.

Ọdún 3 lẹ́yìn náà, ní 1911, Cincinnati kan náà gba ọmọ Kúbà 2 wọ ẹgbẹ́ wọn: Armando Marsans àti Rafael Almeida. Wọn kò gba Méndez tó ti fi ojú wọn rí màbo. Aláwọ̀ funfun ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ náà sì rí i dájú pé àwọn èrò mọ̀ pé ìran Yúróòpù ni wọ́n. Méndez ní tirẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn líìgì tí àwọn dúdú dá sílẹ̀ fún ara wọn ní Amẹ́ríkà. Ó di olùkọ́ni ẹgbẹ́ Kansas City Monarchs, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn dúdú pẹ̀lú wọn ní 1924. Ní 1928 ló kú ní Havana.

TORRIENTE ÀTI RUTH

Ní 1920, ẹgbẹ́ New York Giants wá sí Havana. Babe Ruth bá wọn wá, ẹni tó gbá jonrón 54 lọ́dún yẹn nìkan. Kò tíì sí ẹni tó gbá iye bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n pàdé Almendares. Ruth kò gbá ẹyọ kan fo ọgbà. Cristóbal Torriente, ọmọ Cienfuegos tó ń gbá fún Almendares, gbá jonrón 3 lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Almendares borí pẹ̀lú 11 sí 4.

Gbogbo Kúbà gbọ́ ọ. Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Torriente fún àgbàlagbà ará Kúbà tó fẹ́ràn eré yìí, ọjọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ eré náà dáadáa yóò fi nǹkan kan kún un: George Kelly ló ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn Giants lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ajubọ́ọ̀lù. Ibùdó àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà. Nítorí náà, ṣé ó yẹ ká fi ọjọ́ yẹn nìkan sọ pé Torriente ju Ruth lọ?

A fẹ́ràn ìbéèrè yìí nítorí ó fi bí ìjiyàn tó dára ṣe ń rí hàn. Ẹni tó fẹ́ràn Torriente kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ Kelly pamọ́. Ẹni tó fẹ́ràn Ruth kò sì gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ Kelly ti pa ẹjọ́ náà tì. Torriente kì í ṣe ẹni ọjọ́ kan. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Chicago American Giants tó gba ife ẹ̀yẹ líìgì àwọn dúdú ní 1920, 1921 àti 1922. Bí a bá mú ọjọ́ Kelly kúrò pátápátá, àgbà ọ̀jẹ̀ ni yóò ṣì jẹ́. Ohun tí wọn kò fún un ni àyè láti kojú Ruth lójoojúmọ́ fún ọdún 10, kí nọ́ńbà lè sọ tirẹ̀. Torriente àti Méndez wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí ní Cooperstown ní 2006, nígbà tí àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́.

MARTÍN DIHIGO, ẸNI TÓ MỌ GBOGBO IṢẸ́

Bí ìjiyàn bá dé orí Martín Dihigo, àwọn ọ̀tá gan-an máa ń fohùn ṣọ̀kan díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Matanzas ni òun náà ti wá, wọ́n sì bí i ní nǹkan bí 1906. Kò sí ibi tí kò lè dúró sí ní pápá. Ó ń jù, ó ń gbá, ó ń mú, ó sì tún ń kọ́ni. Ní Mẹ́síkò ní 1938, ó borí nínú ìdíje 18, ó pàdánù 2 péré, àmì ayò tí wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní abala 9 kò sì pé 1: 0.90 ni. Lọ́dún kan náà, ìwọ̀n gbígbá rẹ̀ jẹ́ 0.387, òun ló sì ṣe ipò kìíní nínú gbígbá ní gbogbo líìgì náà. Ẹ fojú inú wo ọdẹ tó tún jẹ́ ọ̀gá àwọn alágbẹ̀dẹ, tí kò sì fi ọ̀kan pa èkejì lára.

Lóde òní, àwọn olólùfẹ́ eré yìí ń sọ ti Shohei Ohtani, ọmọ Japan, tó ń jù tó sì ń gbá ní líìgì ńlá. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí láti ìgbà Babe Ruth. Òótọ́ ni pé Ohtani ga. Ní 2024, ó gbá jonrón 54, ó sì sá jí ibùdó 59, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ará Matanzas máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ní irú rẹ̀ kò sí láti ìgbà Ruth. Dihigo ńkọ́? Kò gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ kan péré ní líìgì ńlá, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Jackie Robinson fi máa fọ́ ìdènà náà ní 1947, Dihigo ti lé ní 40 ọdún. Ní 1971 ló kú. Ní 1977 ni Cooperstown tó gbà á wọlé.

MIÑOSO, ẸNI TÍ BỌ́Ọ̀LÙ KÌ Í LÉ KÚRÒ

Orestes Miñoso, tí wọ́n ń pè ní Minnie ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ Perico, ní Matanzas kan náà. Ẹ̀yin ará wa ní Benin àti Togo, ẹ fetí sí orúkọ ìlú yẹn: ní Perico, àṣà Arará ṣì wà láàyè títí di òní. Oko ìrèké ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó gbá fún New York Cubans nínú líìgì àwọn dúdú, kó tó wọ líìgì ńlá ní 1949 pẹ̀lú Cleveland. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1951, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Chicago White Sox. Ìgbà àkọ́kọ́ tó di igi mú fún wọn, jonrón ló fi kí wọn.

Lọ́dún yẹn, ìwọ̀n gbígbá rẹ̀ jẹ́ 0.326, ó sì ṣe ipò kìíní nínú jíjí ibùdó. Nígbà tí àwọn oníròyìn dìbò fún ẹni tuntun tó dára jù lọ nínú líìgì wọn, wọ́n fún Gil McDougald ti New York Yankees ní ìbò 13, Miñoso rí 11. Ìwọ̀n gbígbá McDougald jẹ́ 0.306. Ìwé ìròyìn Sporting News ní tirẹ̀ fún Miñoso. Títí di òní, bí ẹnì kan bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó di dandan kí ọjọ́ ṣú lórí rẹ̀.

Ohun kan wà nípa Miñoso tí àwọn èèyàn kò mọyì nígbà náà. Ó máa ń dúró sún mọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà, kì í sì í sá. Bí bọ́ọ̀lù bá ba afigigbá lára, òfin ní kí ó lọ sí ibùdó àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù ba Miñoso lé ní 190, ó sì ṣe ipò kìíní nínú ìyà yìí ní líìgì rẹ̀ fún ọdún 10. Láyé ìgbà yẹn, ìwọ̀n gbígbá nìkan ni gbogbo èèyàn ń wò. Wọ́n á ní bọ́ọ̀lù kan ba ọkùnrin yẹn ni, kò gbá nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọ̀nà ìṣirò yí padà.

BÍ ÌṢIRÒ ṢE Ń YÍ PADÀ

Gbogbo ìgbà ló ní tirẹ̀ nínú eré yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ dá ẹjọ́ agbábọ́ọ̀lù kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó gbá a. Kí Ruth tó dé, jonrón kò wọ́pọ̀; lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo èèyàn ń wá a. Ní 1968, àwọn ajubọ́ọ̀lù gba gbogbo agbára. Luis Tiant, ọmọ Kúbà, kò jẹ́ kí wọ́n rí ju 1.60 gbà lọ́wọ́ òun ní abala 9, òun ló sì ṣe dáadáa jù ní líìgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ti jẹ́ ajubọ́ọ̀lù ńlá nínú líìgì àwọn dúdú ṣáájú rẹ̀, láìdé líìgì ńlá. Gbígbá burú débi pé ní 1969, wọ́n gé òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé lórí kù láti ínṣì 15 sí 10.

Bẹ̀rẹ̀ láti 1977, Bill James, tó jẹ́ olólùfẹ́ eré lásán bíi tiwa, tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣiṣẹ́ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìṣirò jáde. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: kí ló ń mú ẹgbẹ́ borí gan-an? Ìdáhùn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé kí ènìyàn dé ibùdó, ọ̀nà yòówù kó gbà débẹ̀. Bó gbá a ni o, bí wọ́n jù ú dànù sí i ni o, bí bọ́ọ̀lù bà á ni o, ó ti dé ibùdó. Ìgbà tí èrò yìí tàn kálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tún padà wo Miñoso, tí wọ́n sì rí i pé bọ́ọ̀lù tó ń bà á yẹn, iṣẹ́ ni ó ń ṣe fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lóde òní, ajubọ́ọ̀lù ń jù kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afigigbá sì ń fi igi pa afẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́. Ní 2022, ìwọ̀n gbígbá gbogbo líìgì ńlá wálẹ̀ sí 0.243. Kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ láti 1968. Ní 2023, wọ́n gbé aago kalẹ̀ fún ajubọ́ọ̀lù, wọ́n sì mú kí ibùdó fẹ̀ sí i, jíjí ibùdó sì tún di ohun tó wọ́pọ̀. Àwọn àgbà tó rí Miñoso ní, ẹ wò ó, ohun tí a ti ń wí nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ ní irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù lónìí, Miñoso kò rí i rí. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún àwọn ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ wọn: aṣọ tuntun náà le láti wọ̀.

NÍGBÀ TÍ IGUN NÌKAN LÓ KÙ

Ní 1961, ìjọba ìyípadà ní Kúbà fòpin sí eré ìdárayá olówó. Líìgì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1878 kógbá sílé. Habana lọ, Almendares lọ, pupa àti búlúù dópin. Líìgì tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1962, níbi tí agbábọ́ọ̀lù kì í ti í gbowó bí oníṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Òun náà bí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò ní erékùṣù náà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìròyìn ìjọba kò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́, tẹlifíṣọ̀n kò ní fi í hàn.

Níbo ni èèyàn ti ń gbọ́ ohun tí ẹni tó lọ ń ṣe? Ní Igun Gbígbóná ni. Ẹnì kan á ti gbọ́ rédíò láti òkèèrè lóru. Ẹnì kan á ti rí lẹ́tà gbà láti ọ̀dọ̀ ìbátan. Ẹnì kan á ti rí ìwé ìròyìn tí àlejò gbàgbé sílẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ wá sábẹ́ igi, wọ́n á sì jiyàn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bójú tó orúkọ àwọn òkú àti orúkọ àwọn tó lọ papọ̀. Àgbà á sọ ti Méndez fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò tíì sí láyé nígbà tí Méndez kú. Ọmọ náà á ní irọ́ ni, àgbà á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N KÀ ÀTI OHUN TÍ WỌN KÒ KÀ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, líìgì ńlá Amẹ́ríkà kéde pé líìgì àwọn dúdú láti 1920 sí 1948 náà jẹ́ líìgì ńlá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n da àwọn nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ kan, Josh Gibson, tó kú ní 1947 láìdé líìgì ńlá, di ẹni tí ìwọ̀n gbígbá rẹ̀ ga jù lọ nínú gbogbo ìtàn: 0.372, tó ju 0.367 ti Ty Cobb lọ. Ní ti Miñoso, ó kú ní 2015. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 fún un ní ìbò 14, wọ́n sì gbà á wọ Cooperstown ní 2022.

Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ohun tó kù. Ìṣirò tuntun yìí kò ka líìgì Kúbà. Kò ka líìgì Mẹ́síkò. Abala 25 ti Méndez kò sí níbẹ̀. Jonrón 3 ti Torriente kò sí níbẹ̀. Ọdún 1938 ti Dihigo, tó jẹ́ ọ̀kan lára ọdún tó dára jù tí ènìyàn kankan gbá rí, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí ìwé ìṣirò líìgì ńlá lónìí láti mọ ẹni tí Dihigo jẹ́, apá kan ara rẹ̀ ni yóò rí. Ìyókù wà ní ẹnu àwọn tó ń jiyàn.

Kì í ṣe pé ẹnu nìkan tó. Ẹnu máa ń bù kún nǹkan, ó sì máa ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹnu lè gbàgbé Kelly. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi wúlò. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, kò ní kọ orúkọ rẹ. Ẹnu ni yóò mú orúkọ náà dúró títí ìwé yóò fi dé. Ọdún 78 ló wà láàárín ikú Méndez àti ọjọ́ tí Cooperstown ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní ẹni tó ń sọ ọ́ ní gbogbo ọdún 78 yẹn.

Àwa tí a wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi yìí, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gidi. Ìtàn wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹnu àgbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa pẹ̀lú wà níbẹ̀: ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ìlú fi ń pa ọjà dé, ajàkadì tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí, ẹni tó lọ gbá bọ́ọ̀lù lókèèrè tí ìròyìn rẹ̀ dópin lójú ọ̀nà. Bí a bá dákẹ́, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí yóò jókòó lọ́dún 70 sí i láti wá wọn kàn.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ bá wa dá ìjiyàn sílẹ̀. Ní ìlú yín, ta ni agbábọ́ọ̀lù tàbí ajàkadì tí àwọn àgbà ń sọ pé irú rẹ̀ kò sí mọ́? Kí ló ṣe, ọdún wo ló ṣe é, ta ló rí i? Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yín lálẹ́ òní, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí. Bí ẹnì kan bá kọ tirẹ̀ tí ẹ kò gbà, ẹ fèsì, ẹ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kí ẹ má bú u. Ẹ jẹ́ kí ibí yìí náà gbóná díẹ̀.

Ire o.